Tọ́ọ̀ṣì Ṣáájú Oògùn: Iṣẹ́ Apakòkòrò Nílé àti Lọ́jà

Ọjà Ọba wà láàárín ìlú Ìbíní gan-an, nítòsí oríta ńlá tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ring Road, ààfin Ọba kò sì jìnnà síbẹ̀. Ekioba ni àwọn Ẹdó ń pè é. Nínú ọjà náà, gàrí, ẹ̀wà, edé, ẹja gbígbẹ, ẹran ìgbẹ́, epo pupa, aṣọ, ewé àti egbò jọ ń gbé pọ̀ ni. Pákó tàbí ògiri kan ṣoṣo ló pààlà láàárín ìsọ̀ ẹnì kan àti ti ẹnì kejì. Bí àwọn ìyá ọlọ́jà bá ti ilẹ̀kùn lálẹ́, eku á bọ́ sóde lábẹ́ pákó, aáyán á yọ láti inú gọ́tà, kòkòrò inú àpò ẹ̀wà ní tirẹ̀ kò sì bìkítà bóyá ilẹ̀ ṣú tàbí ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ apakòkòrò fún àwùjọ, irú ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé wá: oògùn ló kéré jù nínú iṣẹ́ oníṣẹ́ apakòkòrò. Wíwò, dídí ihò, pípalẹ̀ mọ́ àti kíkọ àkíyèsí sílẹ̀ ló kó èyí tó pọ̀ jù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà, ì báà jẹ́ onílé, ì báà jẹ́ oníhòtẹ́ẹ̀lì, òórùn oògùn ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́. Bí ilé kò bá rùn, wọ́n gbà pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ ni. Ìgbàgbọ́ yìí ti mú owó lọ lápò ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì ti mú ẹ̀mí àwọn mìíràn lọ.

Láti ayé wolé-wolé

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní bubonic plague bẹ́ sílẹ̀ nílùú Èkó, ó sì tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà kó tó rọlẹ̀. Kí ó tó dé Èkó ni ayé ti mọ ibi tó ń gbà wọlé. Alexandre Yersin ti rí kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á ní Hong Kong lọ́dún 1894, Paul-Louis Simond sì ti ṣàlàyé lọ́dún 1898 pé eégbọn kékeré tí ń fò lára eku ló ń gbé e dé ara èèyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbógun ti àrùn náà ní láti gbógun ti eku.

Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di igbákejì ọ̀gá elétò ìlera ìlú Èkó, wà lára àwọn tó kojú rẹ̀. Ó tún iṣẹ́ àbẹ̀wò ní èbúté ṣe, ó sọ wíwọ ilé wò di iṣẹ́ tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yaba, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé. Lọ́dún 1928, ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ láti tún àwọn àdúgbò tí ilé ti fún ara wọn pa kọ́. Ohun tó hàn nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìjọba kò fi ìjà náà mọ sórí pípa eku. Ilé tí eku fi ń ṣe ibùgbé, ààtàn tó ti ń jẹun àti ihò tó ń gbà wọlé ni wọ́n kọjú sí. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ apakòkòrò òde òní ni kò mọ̀ pé ìran wolé-wolé ni àwọn.

Ohun tí tọ́ọ̀ṣì ń wá

Oníṣẹ́ apakòkòrò tó mọṣẹ́ kì í wọ ìsọ̀ tòun ti ẹ̀rọ ìfín lẹ́yìn. Tọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ ń mú jáde, lẹ́yìn náà dígí kékeré tó fi ń wo abẹ́ káńtà àti ẹ̀yìn fíríìjì, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, ìbọ̀wọ́ àti ìwé.

Ìgbẹ́ eku ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ti eku ńlá máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì. Ti eku kéékèèké kì í sábà ju mìlímítà 3 sí 6 lọ. Èyí tó rọ̀, tó ń dán, kò tíì pẹ́. Èyí tó gbẹ, tó ń fọ́ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ti ọjọ́ pípẹ́ ni. Lẹ́yìn ìgbẹ́, ó kan ipa ọ̀nà. Eku kì í gba àárín ilẹ̀ kọjá níbi tó bá ti lè fara ro ògiri, nítorí náà ọ̀rá ara rẹ̀ máa ń fi ìlà dúdú sílẹ̀ lẹ́bàá ibi tó ń gbà lójoojúmọ́. Bí kò bá dá oníṣẹ́ lójú pé eku ṣì ń gba ihò kan, ó lè da pọ́dà díẹ̀ síwájú ihò náà, kó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti wo ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ń rí eku lọ́sàn-án gangan, iye wọn ti pọ̀ níbẹ̀, nítorí òru ni eku fẹ́ràn láti rìn.

Àwọn àgbà sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Òṣùwọ̀n ni oníṣẹ́ apakòkòrò fi kún ọ̀rọ̀ wọn. Ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 12 ti tó kí ọmọ eku ńlá gbà kọjá. Mìlímítà 6 ti tó fún eku kékeré. Ẹni tó bá fi pákó tàbí fóòmù dí irú ihò bẹ́ẹ̀ ti fún eku lóhun tí yóò máa họ ni, torí eyín iwájú eku kì í dẹ́kun híhù títí tó fi máa kú. Sìmẹ́ǹtì, nẹ́ẹ̀tì onírin àti kànrìnkàn onírin tí wọ́n kì wọ inú ihò pinpin ló ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹnu ọ̀nà ńlá.

Dídẹ pàkúté náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Eku ńlá máa ń fura sí ohun tuntun. Bí wọ́n bá gbé nǹkan sọ́nà rẹ̀ lónìí, ó lè yà fún un fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi máa ń gbé pàkúté síbẹ̀ láì tíì dẹ ẹ́, kó fi ẹja gbígbẹ tàbí ẹ̀pà sínú rẹ̀, kó jẹ́ kí eku jẹ ẹ́ títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ìgbà náà ni yóò tó dẹ ẹ́. Onísùúrù ní í pa eku ńlá. Eku kékeré kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ohun tuntun ló ń sáré lọ wò.

Ti aáyán tún yàtọ̀. Aáyán kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tó kún ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì àti búkà máa ń gbé àpò ẹyin kiri, ẹyin bí 30 sí 40 nínú rẹ̀, oògùn tí wọ́n fín kì í sì í sábà ràn wọ inú àpò náà. Ilé ìdáná tí wọ́n fín ní Mọ́ńdè lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí àwọn ọmọ tuntun tó jáde. Àwọn tó mọṣẹ́ ti yíjú sí jẹ́ẹ̀lì, èyí tí wọ́n ń tọ́ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ àti ìsopọ̀ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Aáyán tó jẹ ẹ́ á padà sí ibi tó ń sá pamọ́ sí kó tó kú, àwọn ọmọ aáyán tó bá jẹ ìgbẹ́ rẹ̀ tàbí òkú rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wá fín oògùn sórí ibi tó tọ́ jẹ́ẹ̀lì sí ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́, nítorí aáyán kò ní súnmọ́ jẹ́ẹ̀lì náà mọ́.

Nínú ilé gbígbé, ikán àti ìdun ló sábà ń mú kí wọ́n ké sí oníṣẹ́ apakòkòrò. Ọ̀nà ikán máa ń hàn lára ògiri bí okùn amọ̀ tín-ín-rín. Ìdun, ojú rírán mátíréèsì àti ihò pákó bẹ́ẹ̀dì ni ilé rẹ̀. Ìdun tilẹ̀ ti di alágídí sí ọ̀pọ̀ oògùn, ooru tó ju dígírì 50 lọ sì ń pa òun àti ẹyin rẹ̀ láìsí ẹ̀kán oògùn kan.

Eku, Irrua àti Ọ̀wọ̀

Ìdí tí ọ̀rọ̀ eku fi ju ọ̀rọ̀ ẹ̀wà tó jẹ lọ ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ni ibà Lassa. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀, ní ìlú Lassa tó wà ní Borno lónìí, nígbà tó mú àwọn nọ́ọ̀sì ajíhìnrere. Eku kékeré kan tó ń jẹ́ Mastomys natalensis ló ń gbé e. Àrùn náà kì í ṣe eku ọ̀hún ní nǹkan kan, àmọ́ ó ń jáde nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Gàrí tí wọ́n sá sí ẹ̀gbẹ́ títì, ìrẹsì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ mọ́jú, abọ́ tí eku gbà kọjá, ibẹ̀ ló ń gbà dé ara èèyàn. Ó tún lè ti ara aláìsàn ran àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá kó o, nǹkan bí mẹ́jọ kì í ní àmì kan tó le. Àwọn tó kù ni ọ̀rọ̀ kàn, ó sì máa ń jọ ibà lásán níbẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Irrua, tí kò tó kìlómítà 100 sí Ọjà Ọba, ni ọ̀kan lára àwọn ibi tí a mọ̀ jù lọ lágbàáyé fún ìtọ́jú àrùn náà. Wọ́n ní yàrá àyẹ̀wò tiwọn, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ Bernhard Nocht ti ìlú Hamburg bá wọn gbé ró. Kò sí Yorùbá kan tó lè ní ọ̀rọ̀ Ẹdó nìkan ni. Ní ìlà oòrùn Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ń gba aláìsàn Lassa lọ́dọọdún. Lọ́dún 2018, èèyàn 633 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n kó o ní Nàìjíríà, 171 nínú wọn kú; Ẹdó, Oǹdó àti Ebonyi ló ní èyí tó pọ̀ jù.

Ṣé kí wọ́n wá da oògùn eku sílé gbogbo? Wọ́n ti dán an wò. Ní àwọn abúlé kan ní agbègbè Faranah lórílẹ̀-èdè Gíní, àwọn onímọ̀ fi ọdún mẹ́rin fi oògùn lé Mastomys. Eku dínkù lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi oògùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tán. Kí ọdún tó yí po, àwọn mìíràn ti wọlé wá rọ́pò wọn láti ìta. Ihò ṣì ṣí sílẹ̀, oúnjẹ ṣì wà nílẹ̀.

Lassa tún yí ọwọ́ tí oníṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ padà. Kò gbọdọ̀ gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú. Ó ní láti kọ́kọ́ fi omi tí wọ́n pò mọ́ bílíìṣì rin ín, kó tó fi nǹkan nù ún. Òkú eku kò gbọdọ̀ kan ọwọ́ lásán. Inú ọ̀rá méjì tí wọ́n so lẹ́nu ló ń lọ.

Oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ dichlorvos ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Òdiwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò kan. Ohun tí wọ́n bá jẹ́ láti 0.03 dé 4.6, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po 460 òdiwọ̀n náà. Wọ́n sún ìfòfindè náà síwájú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún sún un síwájú. Inú oko kọ́ ni gbogbo oògùn náà ti wá. Àwọn tó ń kó ẹ̀wà pa mọ́ ló ń fi lé kòkòrò, lójú ara wọn, kí ọjà má baà bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Dichlorvos kan náà ló wà nínú Sniper, òun náà ló sì sábà máa ń wà nínú ọtapiapia tí wọ́n ń rọ sínú ìgò pẹlẹbẹ kiri ọjà. Bó ṣe ń pa kòkòrò náà ló ṣe lè pa èèyàn: ó ń dí iṣan ara lọ́wọ́ láti sinmi. Itọ́ á máa dà, òógùn á bò ó, ẹyinjú á sún kì, èémí á há. Kò pọn dandan kí èèyàn gbé e mu, torí ó ń di afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n pa dé. Lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò rẹ̀ tí kò ju mìlílítà 100 lọ, wọ́n sì ní kí wọ́n má tà á mọ́ ní ọjà gbogboogbò àti súpámákẹ́ẹ̀tì. Oògùn oko ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún, kì í ṣe oògùn yàrá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n tún fòfin de oògùn apakòkòrò mìíràn tó ń jẹ́ chlorpyrifos.

Èyí tó léwu jù ni tábúlẹ́ẹ̀tì aluminium phosphide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Phostoxin. Tábúlẹ́ẹ̀tì kan tó wúwo tó gíráàmù 3 ń tú gíráàmù 1 gáàsì phosphine jáde bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Gáàsì náà kò ní oògùn apẹ̀rọ̀, ó sì ń gba ojú ihò ògiri kọjá lọ bá ẹni tó sùn sí yàrá kejì. Abẹ́ tapólì tí wọ́n dì pinpin, nínú ilé ìkẹ́rù tí kò sí ẹlẹ́mìí kankan, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń wọn gáàsì, ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Nínú ìsọ̀ tó fara ti ìsọ̀, kò ní àyè.

Kí ni ọlọ́jà ẹ̀wà yóò wá ṣe? Kòkòrò ẹ̀wà máa ń lẹ ẹyin mọ́ ara ẹ̀wà, ìdin rẹ̀ á lu ú wọnú, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ó ti di àgbà. Àpò PICS, tí Larry Murdock àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Purdue University bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Kamẹrúùnù, ní ọ̀rá méjì nínú àpò kan. Bí wọ́n bá so ó pinpin, kòkòrò fúnra rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán, á sì dẹ́kun jíjẹ. Àjọ NSPRI tó wà nílùú Ìlọrin náà ti ṣe ìyẹ̀fun láti inú erùpẹ̀ diatomaceous, tó ń gbẹ omi ara kòkòrò. Oníṣẹ́ apakòkòrò tó bá kọ́ ìyá ọlọ́jà ní èyí kò ní rí oògùn tà, àmọ́ iṣẹ́ ló ṣe.

Owó iṣẹ́ àti òfin iṣẹ́

Ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí sábà máa ń kọ́kọ́ jókòó ṣèdánwò onípele kejì ti àjọ ìlera RSPH. Ẹgbẹ́ wọn, BPCA, ti wà láti ọdún 1942. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1972 sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó ń lo oògùn tí wọ́n fi àlà sí gba ìwé ẹ̀rí, lílo oògùn lódì sí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní Nàìjíríà, NAFDAC ló ń forúkọ oògùn sílẹ̀, NESREA ń mójú tó àyíká, àwọn elétò ìlera àyíká ní ìgbìmọ̀ tiwọn, àwọn ilé iṣẹ́ apakòkòrò sì ní ẹgbẹ́ PECAN. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti lè ra ẹ̀rọ ìfín lè máa pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Oníbàárà ló ní láti béèrè: Kí ni orúkọ oògùn yín? Nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ dà? Ìgbà wo la lè padà wọlé?

Oògùn eku tó dára náà kì í tẹ́ oníbàárà oníwàdùwàdù lọ́rùn. Warfarin, tí ayé mọ̀ látinú ẹ̀jẹ̀ àwọn màlúù Amẹ́ríkà tó ń dà lẹ́yìn tí wọ́n jẹ koríko tó bàjẹ́, di oògùn eku lọ́dún 1948, ó sì di oògùn ẹ̀jẹ̀ fún èèyàn lọ́dún 1954. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kí eku tó kú, kí eku yòókù má baà fura sí oúnjẹ náà. Vitamin K ni apẹ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọmọ bá ṣèèṣì jẹ ẹ́, síbẹ̀ inú àpótí tí wọ́n tì, tí wọ́n sì kàn mọ́lẹ̀, ni wọ́n ń lò ó sí. Oníbàárà tó retí òkú eku láàárọ̀ ọjọ́ kejì á ní wọ́n lu òun ní jìbìtì. Á wá lọ ra ọtapiapia.

Fún Ọjà Ọba, àdéhùn tó bọ́gbọ́n mu kò lè jẹ́ ti ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá kan bá fín ìsọ̀ tirẹ̀, eku á kó lọ sí ti ẹnì kejì. Iná tó jó apá kan ọjà náà ní oṣù keje ọdún 2020 fi hàn bí ìsọ̀ kan ṣe lè sọ ewu di ti gbogbo ìlà. Ìlà kan lápapọ̀ ló yẹ kí àwọn Iyeki, àwọn olórí obìnrin ọjà, àti ìjọba ìbílẹ̀ Oredo jọ san owó rẹ̀. Kí iṣẹ́ náà ní àwòrán gbogbo ihò, irin tín-ín-rín lábẹ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, àpò oúnjẹ tó fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga kúrò nílẹ̀, tó sì fi sẹ̀ǹtímítà 45 jìnnà sí ògiri kí tọ́ọ̀ṣì lè ráyè kọjá, pàǹtírí tó kúrò nílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, àti ìwé àkíyèsí tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Kí owó oṣù kejì dá lórí bí ìgbẹ́ tuntun ṣe dínkù sí ti oṣù kìíní. Láti oṣù kejìlá dé oṣù kẹrin ni Lassa máa ń gbóná jù, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá lé eku láti oko wọlé. Oṣù kẹwàá, kí òjò tó dá, ni kí bíríkìlà àti oníṣẹ́ apakòkòrò jọ wọ ọjà náà.